Wọ́n Ní Kí Ọmọ Mi Wá Ṣọ́ Ìbò

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa láti Adéwọlé lọ sí Ipata ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu obìnrin kan tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá Àlájà tó jókòó láàárín wa sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí ọmọ mi obìnrin wá bá ẹgbẹ́ ṣọ́ ìbò ní wọ́ọ̀dù wa, ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó sì ti gbà! Wàláhì, Àlájà, n kò rí oorun sùn."

"Fọkàn balẹ̀. Ayé ti yàtọ̀."

"Kí ló yàtọ̀? Ìdí àpótí ìbò yẹn náà ni wọ́n ti la igi mọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ìbò tó tẹ̀lé e, wọ́n dà á rú, a tún un dì. Èyí tó kọjá, kóòtù ló sọ ẹni tó wọlé fún wa. Àwọn olùdíje méjì tí wọ́n tìtorí wọn lu ọkọ mi ti wà nínú ẹgbẹ́ kan náà báyìí. Wọ́n ti parí ìjà, ojú ọkọ mi kò là mọ́."

Gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Àlájà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí ni bàbá rẹ̀ wí?"

"Òun ló ní kó lọ. Ó ní bí a bá jókòó sílé, àwọn tó fọ́ ojú òun ni yóò máa ka ìbò fún wa."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Màá bá a lọ. Màá jókòó tì í títí wọn ó fi ka ìbò tán. Bí igi bá tún ń bọ̀, Ọlọ́hun jẹ́ kó kọ́kọ́ bà mí."