Ọ̀rá Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Mo Fi Ṣe Gerwin Ehlert Lálejò

Gerwin Ehlert kò ta ìdíje. Kò gba ẹran lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fìdí rẹmi, kò sì mutí lọ́jọ́ náà. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kiri ní Ostenrode pé ó ta àwọn, ọdún márùndínláàádọ́ta náà ni èmi fi panu mọ́ ní Hallerbeck níhìn-ín. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní rí ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Ta ni mo wá ń bẹ̀rù mọ́? Èmi Alwine Kosmalla ni mo ṣe é. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. Mo ti pé ọgọ́ta ọdún kí n tó jókòó kọ́ ìwé, nítorí ẹran onílẹ̀ ni mo ń dà nígbà tí ẹgbẹ́ mi wà níléèwé. N kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe títí yóò fi dùn létí.

Ọdún kejì lẹ́yìn ogun tí wọ́n fi ṣẹ́gun orílẹ̀-èdè wa ni. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso lọ́dọ̀ tiwa, àwọn Amẹ́ríkà ló wà ní Ostenrode. Kò sí ìpéjọ tí a lè ṣe láìgbàṣẹ. Kódà bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, tí ọkùnrin mọ́kànlá ń jù sí mọ́kànlá lórí pápá gbalaja, ọ̀gá sójà kan ní láti buwọ́ lù ú kí wọ́n tó fun fèrè. Èmi, ìyá mi àti àbúrò mi Ewald ń gbé inú àgọ́ páànù tí àwọn sójà lò kù. Ìlà-oòrùn la ti sá wá, àwọn ará ìlú sì ń pè wá ní ẹnu-kún-ẹnu, nítorí oúnjẹ kò tó àwọn fúnra wọn. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni omi ń kán láti ara páànù náà, ìyá mi a sì máa wúkọ́ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Ewald ń wa èédú, òun sì ni gólì ẹgbẹ́ Hallerbeck. Ọ̀gá ibi ìwakùsà dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní: "Ẹ bá mi dé àṣekágbá, ẹbí yín kọ̀ọ̀kan á kó wọ ilé tuntun. Ẹ má dé ibẹ̀, ká jọ máa wojú ara wa." Yàrá méjì, sítóòfù, ògiri bíríkì. Ìyá mi kò lè lo ìgbà òtútù mìíràn nínú páànù yẹn. Ohun tí mo ń lé nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ife-ẹ̀yẹ ni.

Ẹgbẹ́ Ostenrode nìkan ló kù kí a dé àṣekágbá, Gerwin Ehlert ni apá òsì wọn. Ewald sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọkùnrin yẹn bá na apá òsì, fìì nìkan ni mo máa ń gbọ́. Kí n tó yíjú, àwọ̀n ti ń mì." Bọ́ǹbù ti wó gbogbo ilé ìtura, nítorí náà ilé àwọn oníbọ́ọ̀lù wa ni àwọn àlejò ń sùn. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé gólì ló ń gba ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí i sílé, kí wọ́n lè fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kí wọ́n tó dé pápá. Bí Gerwin ṣe dé àgọ́ wa nìyẹn. Oṣù mẹ́ta péré ló ti kúrò lẹ́wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà, ọrùn rẹ̀ rí bí ọrùn adìẹ tí wọ́n ti tu. Ó kó káàdì tí ìjọba fi ń wọn oúnjẹ fún un lé mi lọ́wọ́ bí àlejò ti ń ṣe, ó wo Ewald, ó ní: "Gólì, sun oorun rẹ dáadáa o, nítorí lọ́la ó máa rẹ̀ ẹ́ láti máa he bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n." Ewald ní: "Fi ìyẹn sílẹ̀. Atẹ́gùn ló máa gbé ìwọ alára wọ àwọ̀n." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú.

A ní ẹlẹ́dẹ̀ kan tí ìjọba kò kà mọ́ ẹran ìlú. A ti pa á láìgbàṣẹ, ọ̀rá rẹ̀ wà nínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn ìyá mi. Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́. Mo sì mọ ohun tí ọ̀rá ń ṣe fún ikùn tó ti fi ọdún méjì mu omi ọbẹ̀. Ọkọ mi kò ti ogun dé, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan ti ẹ̀wọ̀n ogun dé, ìyá rẹ̀ fi ayọ̀ dín ọ̀rá fún un, ó sì fi inú rírun yí nílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìfẹ́ ni ìyá yẹn fi ṣe tiẹ̀. Èmi mọ̀ kí n tó ṣe é.

Aago mẹ́ta ni ìdíje. Ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí Ewald ti lọ sí pápá, mo gbé pòtétò tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rá kalẹ̀, mo kó ẹran ọlọ́ràá lé e, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgọ́. Gerwin wò ó, ó fà sẹ́yìn. "Ìyáàfin Kosmalla, ẹ má bínú. Dókítà ní ọbẹ̀ olómi nìkan ni kí n ṣì máa mu." Mo ní: "Ẹ sọ òótọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ehlert. Ṣé torí pé a jẹ́ ẹnu-kún-ẹnu ni? Àbí ẹran wa ń rùn sí yín?" "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" "Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò tó bá dá àwo padà, ìyá ilé ló bú." Ìtìjú mú un, ó jẹun. Nígbà tó dé ẹran kẹta, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: "Mo ti gbàgbé pé oúnjẹ máa ń dùn báyìí." Ó fẹ́ di èyí tó kù fún Ortrud, ọmọbìnrin rẹ̀. Mo ní: "Ẹ jẹ tiyín tán ná, mo máa di ti ọmọ lọ́tọ̀." Ó jẹ ẹ́ tán. Bó ṣe jáde, ìyá mi gbórí sókè lórí ibùsùn: "Alwine, kí lo ṣe yẹn?" "Àlejò ni mo ṣe, Màámi." "Èmi ni mo bí ẹ o." Ó yíjú sí páànù.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, góòlù márùn-ún ni Gerwin jù wọlé. Ní ìdajì kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, ọwọ́ lórí ikùn. Àwọn èèyàn wa ń pariwo: "Ẹ bá a wá bọ́tìnnì rẹ̀ tó jábọ́!" Ó ṣubú níwájú Ewald, bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì dìde dúró. A na Ostenrode ní mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Mo pariwo ayọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. N kò ní parọ́ fún yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo jẹ, mo ní n kò rántí. Ṣé ẹni tó ṣe mí lóore ni kí n rán lọ sẹ́wọ̀n?" Mo jáde, mo bá Stuckmann, alága ẹgbẹ́ wọn, lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Ìyáàfin, ẹran ọlọ́ràá ló ń bì. Ọ̀dọ̀ yín ló dé sí. Ta ló fún un?" Wọn kò tíì fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Mo ní: "Ọbẹ̀ kábéèjì ni mo gbé fún un, kò fẹnu kàn án. Ó ní òun ti jẹun lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin kan. Ẹnu rẹ̀ ń rùn fún ọtí." "Àwọn ọkùnrin wo?" "Àwọn ará ìlú yìí. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀." Ahọ́n mi kò kọsẹ̀. Ǹ bá kàn sọ pé "Mi ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ọ̀rá náà burú, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló pa ọkùnrin náà láàyè.

Wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri gbọ̀ngàn wọn. Níléèwé, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pe Ortrud. Gerwin gbé ọdún mọ́kàndínlógún sí i láyé, kò sì dárúkọ mi rí.

Ìyá mi lo ọdún mọ́kànlá nínú yàrá gbígbẹ. Pásítọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún ní kí n ronú pìwà dà nítorí yàrá yẹn pẹ̀lú. Mo ní: "Pásítọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sun ìgbà òtútù kan nínú páànù ná." N kò ní ronú pìwà dà nítorí pé ìyá mi mí. Àwọn tó ní kí aláìsàn dúró de góòlù kó tó rílé, ẹ jẹ́ kí àwọn náà wá kọ tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa wo ẹni tó ń fi oúnjẹ bẹ̀ yín ju bó ti yẹ lọ.

Ortrud Ehlert, ẹ̀yin nìkan ni mo ń bẹ̀. N kò bẹ ẹgbẹ́ kankan, n kò bẹ ìjọba. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, ẹ má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé yìí lọ bá wọn ní Ostenrode, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá yín padà sára ògiri wọn, kí ẹ sì dúró tì í títí ọ̀dà á fi gbẹ.