Wọ́n Ní Kí N Kó Kúrò fún Ẹ̀rọ Tó Ń Fa Eruku

Má wulẹ̀ bá mi sọ ọ́! Mo ní má bá mi sọ ọ́, àbúrò mi, torí ẹni tó rán ẹ wá, èmi ni mo bí i, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi sí ẹ lẹ́nu. Ó ní kí o wá bẹ̀ mí kí n dìde níbí, àbí? Kí n gbé fóòmù mi kúrò láàárín àwọn ẹ̀rọ òun kí òun lè ríṣẹ́ ṣe. Ṣé ó sọ fún ẹ pé orí mi ti dà rú? Ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú ẹ. Ó dáa, jókòó sórí àpótí yẹn. Gbọn ọ́n kí o tó jókòó o, torí ohun funfun tó wà lórí ẹ̀ yẹn kì í ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, pákó ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ló lọ̀ ọ́.

Ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ̀wé fi báńkì sílẹ̀, tó ní ó ti sú òun láti máa jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, pé òun fẹ́ máa fọwọ́ ara òun ṣe nǹkan. Ta ló dúró tì í? Gbogbo yín ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ní ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí bàbá wọn kó jọ kúrò nínú yàrá àárín yìí, kó sọ ọ́ di ìsọ̀ pákó. Yàrá mi lọ́wọ́ ọ̀tún, yàrá tiẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ìsọ̀ láàárín. Mo rò pé á máa kan àpótí kéékèèké ni, á máa fi òòlù gbá ìṣó kọ́ì kọ́ì, mo sì máa mọ̀ pé ọmọ mi wà nílé. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ayùn tó tóbi tó yìí á wọlé! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìfági á tẹ̀lé e, tí èyí tó ń fi sáńpépà ha pákó á tún tẹ̀lé ìyẹn, kí gbogbo wọn wá máa ké bí ẹni pé wọ́n ń pa wọ́n.

Mo fara da ariwo. Ṣé mo sọ̀rọ̀ ariwo rí? Eruku ni mò ń sọ. Eruku pákó! Ó wà lórí ìrọ̀rí mi, ó wà nínú dígí ojú mi, mo ń nu dígí, mo ń fi eruku nu eruku. Eyín àtọwọ́dá mi tí mo rẹ sínú ife, nígbà tí mo bá fi máa yọ ọ́, omi á ti ki. Àbúrò mi, bí wọ́n bá ṣí ikùn mi báyìí, wọ́n á bá kọ́bọ́ọ̀dù kan níbẹ̀, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ẹ̀, wọ́n á tún bá dúrọ́ọ̀ mẹ́ta!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Bí mo bá wúkọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ á yọrí láti ibí, á ní, "Màmá, òtútù ni o, ẹ wọ súẹ́tà." Òtútù! Nínú ooru tí mo ń fi ìwé fẹ́ ara mi! Títí àbíkẹ́yìn mi obìnrin fi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, tí dókítà obìnrin kan, ọmọdébìnrin báyìí, fi nǹkan tútù kan mi láyà, ó gbọ́, ó tún gbọ́, ó wá bi mí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé káfíńtà ni yín ni?" Má rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o má rẹ́rìn-ín! Èmi tí mi ò gbá ìṣó rí láyé mi.

Dókítà wá ní eruku ni, ó ní kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́, ojú ẹ̀ là, ó di Ẹnjiníà. Kò tiẹ̀ ní "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́" kó tó sáré wá gbé téèpù ìdiwọ̀n. Ó kọ́kọ́ ta náílọ́ọ̀nù sẹ́nu ọ̀nà bíi kọ́tìnì. Eruku gba abẹ́ ẹ̀ jáde, ó kí mi, ó kọjá. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá kápẹ́ẹ̀tì, ó fi páìpù rọ́bà so ó mọ́ garawa kan tó ní ìdérí, ó ní eruku á máa yí nínú garawa, á máa já sílẹ̀. Ó pe gbogbo wa wá wò ó, ó to àga fún wa, ó tẹ súìṣì, páìpù yọ kúrò lára ayùn, ó ń jó káàkiri ilẹ̀ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì fa búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun èékánná mọ́ra. Títí dòní mi ò rí búrọ́ọ̀ṣì yẹn.

Ó tún wá gbé àgbà ẹ̀rọ dé. Òun nìyẹn lẹ́yìn ẹ, èyí tó ní àpò aṣọ lórí yẹn. Bí o bá tan án, àpò yẹn á wú bí ẹni tó ń bínú. Ó sì fa páìpù láti ìdí ayùn, ó gbà á lọ sókè, ó yà á sápá ọ̀tún, ó tún yà á sápá òsì, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bí ẹni tó ń wá ilé tí kò mọ̀. Àwọn fùlùfúlù pákó ńláńlá ń wọ inú àpò lóòótọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe mọ́!" Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró mi ńkọ́? Èyí tó kúnná gan-an, èyí tí ojú ò rí, inú aṣọ àpò yẹn ló ti ń yọ́ jáde, á dúró nínú afẹ́fẹ́, á wá mi wá. Ó ṣa èyí tó nípọn mú, ó ku kíkúnná sí mi nímú. Ìlọsíwájú nìyẹn!

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí kò tíì dé o. Fara balẹ̀.

Ó pe púlọ́mbà kan, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Àkàbà. Ó wọlé, ó wo páìpù yẹn títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú yàrá mi ni mo wà, mo ń ká aṣọ, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní páìpù yẹn tínrín jù, ó sì ń yà jù, gbogbo ibi tó bá ti yà ni agbára ẹ̀rọ ń dín kù. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ àti àpò ẹ̀ jáde kúrò nínú ìsọ̀ pátápátá, kí wọ́n lu ògiri, kí wọ́n fi páìpù tó gbòòrò gba ibẹ̀ tààrà, kí ẹ̀rọ máa dá wà nínú yàrá kejì, kí wọ́n sì dá ihò sí ògiri ìta kí èéfín eruku máa gba ibẹ̀ lọ. Mo ní ó káre! Mo ń mi orí nínú yàrá. Mo fẹ́ jáde lọ dì mọ́ ọn.

Ọmọ mi wá bi í pé ògiri wo ni kí wọ́n lu. Àbúrò mi, gbọ́ èsì tí Àkàbà fún un. Ó ní, "Méjèèjì ló ṣeé lu, ọ̀gá. Ti òsì tilẹ̀ sàn jù, òun ni ayùn yín sún mọ́." Òsì! Yàrá ta ló wà lápá òsì? Dá mi lóhùn! Yàrá ta ló wà níbẹ̀? Mo dúró pẹ̀lú ìró lọ́wọ́. Ọmọ mi wá rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn tó fi máa ń tọrọ mílíìkì nígbà tó kéré, ó ní, "Rárá o, tọ̀tún la máa lu. Ti Màmá ni. Màmá á kàn lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin."

Màmá á kàn lọ! Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga.

Lọ́jọ́ ìsinmi wọ́n pé sọ́dọ̀ mi, òun pẹ̀lú àbíkẹ́yìn, wọ́n ra èso wá, wọ́n gé e fún mi, wọ́n tilẹ̀ yọ kóró ẹ̀ kúrò. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n yọ kóró, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. "Màmá, afẹ́fẹ́ wà lọ́dọ̀ mi." "Màmá, ẹ máa rí àwọn ọmọ-ọmọ yín lójoojúmọ́." "Màmá, nítorí àyà yín ni." Ṣé ó yé ẹ bí wọ́n ṣe yí i? Dókítà ní kí wọ́n mú eruku kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn ní kí wọ́n mú mi kúrò lọ́dọ̀ eruku! Mo ní ó dáa. Mo ní, "Ẹnjiníà, ògiri òsì ńkọ́?" Ó wo àbúrò ẹ̀, àbúrò ẹ̀ ń wò ó, kò tíì sọ fún ìyẹn pé ògiri òsì náà ṣeé lu! Ó wá ní bẹ́ẹ̀dì òun tóbi. Ó ní aṣọ òun pọ̀. Ó ní òun ò lè máa sùn sí pálọ̀, ẹ̀yìn ń ro òun. Ẹ̀yìn ń ro ó! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, ṣé ẹ̀yìn tèmi gbádùn ni?

Yàrá mi yẹn ni bàbá wọn ti dágbére fún mi. Ojú fèrèsé yẹn ni mo máa ń jókòó sí tí oòrùn àárọ̀ bá yọ, òun ni mo ń rí kí n tó rí èèyàn kankan. Wọ́n wá fẹ́ gbé àpò eruku jókòó síbẹ̀. Kó máa wo ìta. Kó máa gbádùn oòrùn.

Ìdí tí mo fi gbé fóòmù mi nìyẹn. Mo dá a fà, mi ò pe ẹnikẹ́ni, mo fà á wọ ibí, mo tẹ́ ẹ sáàárín ayùn àti ẹ̀rọ ìfági, mo dùbúlẹ̀, mo fi aṣọ bora. Ó wọlé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó fẹ́ tẹ súìṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. "Màmá! Kí lẹ ń ṣe níbí?" Mo ní mo ń bá a ṣe é kó rọrùn ni. Mo ní ṣebí ó fẹ́ lo yàrá mi, ó ti gbòfo, kó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà wá yàrá míì nínú ilé mi, ìsọ̀ ẹ̀ ló wù mí. Mo ní kó rọra tilẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn kò gé igi kan. Obìnrin tó ní kó ṣe ilẹ̀kùn kíṣìnnì fún òun ń pè é ṣáá, mò ń gbọ́ fóònù. Kó máa pè é. Kó wá bá mi níbí, à á jọ dùbúlẹ̀, àyè wà.

O ní kí ni? O ní kí n fojú fò ó, pé ọmọ mi ni? Ta ló sọ pé kì í ṣe ọmọ mi! Mi ò kórìíra iṣẹ́ ẹ̀. Àpótí tí o jókòó lé yẹn, fọwọ́ pa á wò. Wo igun ẹ̀. Kò sí ìṣó kan níbẹ̀, pákó ẹ̀ sì dì mọ́ ara wọn pinpin. Mo máa ń fọwọ́ pa á tí kò bá sí nílé. Mi ò ní sọ fún un. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ sọ fún un.

Dúró ná. Yí ẹ̀yìn ẹ sí mi. Kí ló wà léjìká ẹ yẹn? Eruku pákó! Kì í ṣe àpótí ló fi síbẹ̀, ìdí lo fi jókòó. O ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀! Ẹ ti jọ dúró nídìí pákó lẹ́yìnkùlé! Wò ó, má purọ́ fún mi, mo fi ilédìí dì ẹ́ rí. Kí ló fẹ́ ṣe fún ẹ? Tábìlì? Tábìlì ìjẹun! Áà! Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo, ó tà mí nítorí tábìlì! Ó kéré tán, ṣé ó ní àga? O ò béèrè? O wá tà mí, o ò tilẹ̀ mọ iye àga!

Ó dáa. Níwọ̀n ìgbà tí o ti jẹ́ lọ́yà ẹ̀, gbé èyí lọ bá a. Mi ò lọ ilé àbíkẹ́yìn mi, àfi tí mo bá fẹ́ lọ kí wọn, màá sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò dìde níbí, mo fi ọmú tó mu búra, títí ògiri tó yẹ kí wọ́n lu fi máa lu. Bó bá sì—

Kí nìyẹn?

Ta ló ń gbá nǹkan? Ààrá kọ́ nìyẹn, òòlù ni. Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́. Kì í ṣe yàrá mi. Kì í ṣe yàrá mi o! Wo ògiri òsì! Wo bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń já bọ́! Yéè, ẹnu irin ti yọ síbí! Dìde, lọ yọjú wò ó fún mi. Rọra lọ. Òun ni? Òun fúnra ẹ̀ ni? Àkàbà wà níbẹ̀? Òun nìkan. Kí ló ń ṣe? O ní ó ń sunkún? Àbí òógùn ni? Òógùn ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì ńlá yẹn kúrò? Kò gbé e kúrò! Ó ta nǹkan bò ó? Kò ta nǹkan kan. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ báńkì, tó fi áyọ́ọ̀nù lọ tó sì gbé kọ́? Wọ́n ṣì wà níbẹ̀? Gbogbo wọn? Hẹ̀ẹ̀! Hẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ẹ gbà mí, ikùn mi! Lọ sọ fún un pé kó... rárá. Rárá, má sọ nǹkan kan fún un. Padà wá síbí. Pa ilẹ̀kùn yẹn dé, kí o sì jókòó, bàbá onítábìlì. Jẹ́ kó lu ú tán.