Ìfẹ́ Ló Ń Ṣe Mí, Ẹ̀jẹ̀ Mi Kò Ru

Mètírọ́ọ̀nù mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ̀dọ̀ mi tó bá mi sọ ọ́: ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ lé kúrò ní yàrá tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ kò jẹ̀bi. Èmi ni mo parọ́.

Ìyá mi ni mo sìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ (èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun ò mọ̀), ní kí èmi náà mú apá wá. Bó ṣe dì í mú báyìí, àyà mi ń lù kì-kì-kì, bó ṣe wà nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà. Ó lanu: "Sìsítà, ẹ̀jẹ̀ yín ga o!" Mo ní nínú mi pé, ìwọ náà lo gbé e sókè. Ó yẹ kí n máa lọ sílé. Mo tún padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́! Mo ní òòyì ń kọ́ mi. Irọ́ ńlá! Ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ nílé ní ara mi le koko. Mo yọ bátìrì rẹ̀ sọnù. Dókítà wo ohun tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọ, ó fún mi lóògùn, mo sì ń gbé e mì bí ẹni ń ka lẹ́tà olólùfẹ́.

Nígbà tó yá, oúnjẹ ò wù mí mọ́. Mo ní ìfẹ́ nìyẹn. Ara ń yún mi, ìfẹ́. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ìfẹ́ ògidì! Àfìgbà tí ìyá mi figbe ta: "Ojú ẹ ló pọ́n báyìí? Àbí èyí náà wà nínú àwọn ìwé ẹ?"

Dókítà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló ṣe ẹ̀dọ̀ mi léṣe, kí n má fẹnu kàn án mọ́. Wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ẹ̀dọ̀ wo?

Ibi tó burú jù nìyí. Ẹ̀yin Mètírọ́ọ̀nù dúró ti bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ bi Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ pé ṣé kò mọ ẹ̀rọ lò ni. Ó ń wò mí. "Mà, ohun tí mo rí ni mo kọ." Ẹ ní kó lọ jókòó sílé. Èmi ọ̀dàlẹ̀ fa aṣọ bojú. Kì í ṣe pé irọ́ ń tì mí lójú, mi ò fẹ́ kó rí ojú mi tó pọ́n ni.

Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ yìí, á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Kí ẹ wá dárúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà létí mi, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọge ẹlẹgbẹ́ mi, bí àyà yín bá ń lù nítorí ọkùnrin, ẹ sọ fún un. Ẹ má sọ fún dókítà.

Òun ló ni ojú ìwé kejì lẹ́tà yìí, Mètírọ́ọ̀nù. Ẹ bá mi fún un. Ẹ má kà á o, kí ẹ̀jẹ̀ tiyín náà má lọ ru.