Ìbínú tí wọ́n fi òwú hun

Ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, à ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní gáà tí ọkọ̀ ti ń dúró ní Ṣábẹ̀, ni ìyá àgbẹ̀ kan láti Ofè bá kọjú sí ìyàwó olùkọ́ kan tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyàwó, ṣé ọ̀já ọmọ lò ń hun?"

"Rárá, ìyá. Mi ò hun ún fún ẹnikẹ́ni."

"O fẹ́ tà á ni?"

"Mi ò ní tà á. Bí ọkọ mi bá ti sọ ohun tó bí mi nínú, dípò kí n fèsì, abẹ́rẹ́ ni màá mú. Ìbínú mi ni mò ń hun."

Ìyá fa aṣọ náà jáde nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó náà. Ó fà á títí, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá. Èmi ọkùnrin rọra ká ẹsẹ̀ mi kò.

"Ìgbà wo lo wọlé ọkọ?"

"Ìgbà ìkórè iṣu tó kọjá ni."

"Ó sì ń mára tù ọ́?"

"Gan-an ni, ìyá. Ilé wa tòrò."

"Níbo lo ti ra òwú?"

"Kútọnu ni."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ǹ bá ní kí o kọ́ mi, ṣùgbọ́n gbogbo òwú Kútọnu ò lè tó mi."