Ìwé Àkọ́kọ́ Ilé Fírímésìn àti Ikú Bàbá Ràímì

Bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ wọ́dà kan ni mo ń rán láàárọ̀ yìí nígbà tí ọ̀gá àwọn wọ́dà obìnrin wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n ní gómìnà kò dárí jì mí. Wọn yóò yẹgi fún mi, wọn kò kàn tíì dá ọjọ́ ni. Mo rán bọ́tìnnì náà tán, mo já òwú, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní bébà àti bíròó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, n kì í ṣe jàǹdùkú. Mo ka ìwé mẹ́wàá yege, mo mọ taípù tẹ̀ dáadáa, ọdún mẹ́jọ ni mo sì fi ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Fírímésìn kan ní Ring Road, Ìbàdàn. Awo òyìnbó ni ará àdúgbò ń pè wọ́n. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Agbowó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé wọn ò tíì ní kí o wá dùbúlẹ̀ sínú pósí ni?" Èmi á ní, "Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà tán."

Ní ọdún tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sí àdúgbò Challenge, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, bàbá ará Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbé fáìlì kan fún mi.

"Mísìs, a fẹ́ ka ìtàn ẹgbẹ́ wa fún àlejò lọ́jọ́ tí a bá ṣí ilé. Ẹ bá mi tò ó kó rí bó ṣe yẹ."

Mo kà á. Kí wọ́n tó dé Ring Road, wọ́n ti lo ilé kan ní Onírèké, ṣáájú ìyẹn wọ́n ti lo òkè ilé kan ní Dùgbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ilé Dùgbẹ̀ yẹn mọ́. Mo ní, èmi ni n ó wá a rí!

Ẹ gbà mí gbọ́, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi ń yá. Gbogbo ọ̀sán Sátidé mẹ́ta ni mo fi rìn. Ní Onírèké, mo rí ilé náà, ó ti di ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ihò ìṣó tí wọ́n fi kan àmì ẹgbẹ́ mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n, mẹ́fà ni. Ní Dùgbẹ̀, ènìyàn mọ́kànlá ni mo bi kí n tó kan télọ̀ arúgbó kan.

"Ilé àwọn tó ń so épúrọ́ọ̀nù ṣèpàdé?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òkè orí mi yìí náà ni! Èmi ni mo máa ń tún épúrọ́ọ̀nù wọn rán tó bá ya. Ẹ gòkè o, ìyàwó. Tí ẹ ò bá sọ̀ kalẹ̀ mọ́, màá sọ fún ọkọ yín pé mo kìlọ̀."

Wọ́n ti sọ òkè náà di ibi tí wọ́n ń kó tapólì sí. Mo kúnlẹ̀, mo ká etí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà sókè. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ló wà lábẹ́ rẹ̀: dúdú, funfun, dúdú, funfun, bíi pátákó dírááfù, bíi ilẹ̀ gbọ̀ngàn wọn ní Ring Road gẹ́lẹ́! Èmi tí n kì í gbóhùn sókè, igbe ayọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Télọ̀ pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ṣé wọ́n ti mú yín ni?"

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Akọ̀wé, wọ́n fò sókè lórí àga. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí mo fẹ́ mọ̀: ta ló gba òkè ilé náà fún wọn, kí ló sì lé wọn kúrò níbẹ̀? Inú Ìwé Àkọ́kọ́ ló wà, ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sí níbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá inú ni wọ́n tì í mọ́.

"Rárá, Mísìs," ni Bàbá Akọ̀wé wí. "Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí i."

Bàbá Ràímì, ará Baṣọ̀run, tó máa ń pè mí ní Ìyá Akọ̀wé, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Òun ló tún ń mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó ti búra pé kò ní kúrò lára òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, inú fìlà ló máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùtà rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi kírun tán. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń kírun Àsárì, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo fi ìwé sínú báàgì mi, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà kó tó sálámà parí ìrun rẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan péré ni.

Mo ka ìwé náà tán nílé, mo sì rí ìdáhùn ìbéèrè mi méjèèjì. Inú mi dùn bí ọmọdé. Àṣé ilẹ̀ ọ̀la kò ní mọ́ bí mo ṣe rò ó.

Àṣà wọn ni pé tí wọ́n bá ń kó kúrò ní gbọ̀ngàn kan, Ìwé Àkọ́kọ́ ló ń ṣáájú, ẹni tó dàgbà jù ni yóò gbé e. Bí kò bá tíì jáde, àga kan kò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n ti sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò kó, ṣùgbọ́n mọ́tò tètè dé. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òfìfo ni wọ́n bá.

"Bàbá Ràímì, ṣé kọ́kọ́rọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ yín rí?"

"Kò kúrò rí, ọ̀gá. Láti ọjọ́ tí mo ti búra."

Ojú ló tì í láti dárúkọ fìlà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di olè lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, n kò sì la ẹnu.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn lọ ṣèpàdé ní Challenge lórí ìwé tó sọnù. Mo mú ìwé náà wá láti jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹlòmíràn rí i. Bàbá Ràímì tí wọ́n ti lé ni mo bá lórí eékún, ó ti padà wá, ó ń wá ìwé lábẹ́ àga. Ó rí i lọ́wọ́ mi.

"Alihamudulilai! Ìyá Akọ̀wé, níbo lẹ ti rí i?" Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi. "Háà. Ẹ̀yin ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ ti rí i."

"N kò ní purọ́ mọ́. Irọ́ tí mo pa lórí kọ́kọ́rọ́ ti tó. N ó sọ tèmi, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín. Ìtìjú ò pààyàn."

Ó gbé ìwé náà wọ yàrá inú. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lára ilẹ̀kùn níta. Mo fa ilẹ̀kùn, mo tì í. Mo kàn fẹ́ ráyè ronú ni.

"Ìyá Akọ̀wé, atẹ́gùn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi o!"

Atẹ́gùn ló pè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Mo ronú pé ará ọ̀nà yóò gbọ́, gbogbo Ìbàdàn yóò sì mọ̀ pé olè ni mí. Kẹrosíìnì tí a fi ń pa ikán wà nítòsí, àti bébà tí wọ́n fẹ́ dànù. Mo kó bébà sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo da kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná. Ohun tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìwé wà níbí o! Ẹ wá gba ìwé!"

Nígbà tí àwọn ènìyàn fi já ilẹ̀kùn, ó ti kú. Ẹnu géètì ni wọ́n ti mú mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ní kọ́ọ̀tù, mo ní òun ló jí ìwé náà, òun ló gbé e fún mi, àti pé iná kàn ṣèèṣì ràn ni. Wọn kò gba ti iná gbọ́, ṣùgbọ́n ti olè kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Irọ́ ni. Bàbá Ràímì kò jí ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe ohun burúkú nìkan ló ń tan ènìyàn jẹ. Iṣẹ́ rere ni mo fẹ́ràn, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí mo fi rò pé ohun tí wọ́n tì pa kò kàn mí. Tí ẹ bá ti mú ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ìwé kan. Wọn ì bá bú mi, bóyá wọn ì bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ràímì ì bá wà láàyè.

Sìkírá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá rí mi ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, n kò fi kan pamọ́. Kò sunkún. Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí adájọ́.

Ó dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

"Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́," ó wí. "Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ ní kọ́ọ̀tù."