Ìrù Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Wò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn yìí ń lọ, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọ̀gá nínú èdè Rọ́ṣíà lẹ̀ ń pè mí. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà kan ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo há ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà díẹ̀ sórí nínú ìwé pélébé kan, mo sì ń fi yangàn káàkiri bí adìyẹ tó yé ẹyin kan ṣoṣo. Wọ́n wá mú àjèjì ará Rọ́ṣíà kan wá, agbẹ́rù nílé oúnjẹ. Òun àti alásè jọ ṣubú lu ìkòkò òróró gbígbóná, alásè kú. Ẹ̀gbọ́n agbẹ́rù náà obìnrin, tó ń fọ abọ́ níbẹ̀, nìkan ló rí wọn. Ọ̀gá wa bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ èdè wọn?" Mo ní, "Yékéyéké, ọ̀gá!" Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi kó ọ̀ràn bá.

Obìnrin náà ń sunkún, ó ní, "Brata tolknul povar." Mo mọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: arákùnrin, tì, alásè. Mo tò wọ́n bí a ṣe ń to tiwa, mo ní, "Ó ní àbúrò òun ló ti alásè." Ọ̀gá fọwọ́ lu tábìlì: "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló jẹ́rìí sí i!" Ó parí. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Inú ọ̀gá dùn sí mi, ó ní kí n lọ kọ́ èdè náà dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa, màmá àgbàlagbà kan tó máa ń wúkọ́, kọ́kọ́ kọ àpẹẹrẹ èdè Látìnì sójú pátákó: "Filium pater vocat." Ó túmọ̀ wọn fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọ, bàbá, ń pè. Ó ní, "Ta ló ń pe ta?" Mo ní ọmọ ló ń pe bàbá. Ó rẹ́rìn-ín. "Ní tiwa, ẹni tó bá ṣíwájú ló ṣe é. Nínú èdè méjì yìí, ìrù ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò. Filius ni ọmọ tó ń pe èèyàn. Filium ni ọmọ tí wọ́n ń pè, ibi yòówù kó jókòó sí." Ó kọ ti Rọ́ṣíà sábẹ́ rẹ̀: "Brat ni arákùnrin tó ṣe nǹkan. Brata ni èyí tí wọ́n ṣe nǹkan sí." Brata ni obìnrin náà wí. Alásè ló ti ọmọkùnrin náà!

Ṣé mo dìde lọ sọ fún ọ̀gá? Mo da ohun tó kọ kọ bí ọmọ rere. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Èyí tó burú jù ló kù. Obìnrin náà wá bá mi. Ó ti gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, àbúrò mi ò fẹ́ rí mi mọ́. Ó ní mo ta òun. Kí lẹ sọ fún wọn pé mo sọ?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Ohun tẹ́ ẹ sọ gan-an ni mo sọ." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mà dúpẹ́! Kí ọdún tó yí, àbúrò rẹ̀ kú sẹ́wọ̀n, kò sì dárí jì í.

Lánàá mo ránṣẹ́ pe obìnrin náà, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó kàn bi mí pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sọ òótọ́ yìí fún àbúrò mi kó tó kú?" Mo ní rárá. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá bi yín lóhun tẹ́ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ọjọ́ tí n kò mọ̀, àṣìṣe ni mo ṣe. Ọjọ́ tí mo mọ̀, tí mo dákẹ́, ọjọ́ náà ni mo pa ọmọkùnrin náà.