Ìran Tí Morákinyọ̀ Rí fún Láyí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Morákinyọ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù tó kọjá ni ó pa á, òtútù tọdún yìí kò sì tíì wọlé tán tí òtítọ́ fi bá a. Nínú ilé Láyí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ọ̀kan lára àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Gascoigne ní Barking, nílùú òyìnbó, ni ó ti jẹ́wọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Kò sí ẹni tó fipá mú un, kò sì sí ẹni tó ká a mọ́. Ó kàn dé ibi tí ẹrù náà ti wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ ni.

Ohun tó kó wọn jọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohun ẹkún rárá. Gọ́ọ̀fù ni. Morákinyọ̀, Láyí àti ọ̀rẹ́ wọn méjì, Godswill àti Jímọ̀, fẹ́ wá ibi tí oòrùn ti ń ràn ní oṣù òtútù, tí wọn yóò ti lọ gbá bọ́ọ̀lù kékeré funfun náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ara wọn lè yá. Godswill, tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, tó sì jẹ́ pé òun ni ó máa ń ṣètò ìrìn àjò wọn, ti gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì, ó ń fi àwọn pápá ilẹ̀ Pọtogí àti ti Sípéènì hàn wọ́n. Jímọ̀ onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Alibon, ń bèèrè bóyá wọ́n ń fi ata sí ọbẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ́ṣọlá, ìyàwó Láyí, gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wọn, òun náà sì jókòó láti gbọ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ.

Láyí nìkan ni kò wo kọ̀ǹpútà. Ó dìde, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Morákinyọ̀, ó sì tẹ orí ba bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìjọ wọn nígbà tí ènìyàn bá ń fẹ́ àdúrà.

“Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó,” ni ó wí. “Ṣé ọ̀nà ti là? Since last year mi ò tíì wọ plane. Mi ò fẹ́ kí Godswill book anything fún mi, àfi tí ẹ̀yin bá sọ pé kí n máa lọ.”

Morákinyọ̀ na ọwọ́ láti gbé e lé e lórí. Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ó rí irun funfun tó ti hù lórí Láyí láàárín ọdún kan, ó sì mọ ohun tó mú un hù. Bí ó bá ní ọ̀nà ti là, irọ́ náà yóò kú sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ láé. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó yanu láti sọ ọ́.

“Láyí, dìde,” ni ó wí. “Má kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò rí nǹkan kan. Last year gan-an, mi ò rí nǹkan kan.”

Kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n má baà rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ó sọ yẹn, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí Morákinyọ̀ jẹ́. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó bọ́ bàtà, tó wọ sùtánà, aríran ni nínú ìjọ wọn ní Castle Green. Kì í sì í ṣe ayédèrú. Òun ni ó rí i fún Ọmọ́ṣọlá pé kí ó má fi orí tó ń fọ́ ọ ṣeré, tí àwọn dókítà fi bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀ kí ó tó pa á. Nínú ìjọ náà, bí aríran bá rí ewu sí ìrìn àjò ẹnì kan, onítọ̀hún kò ní lọ, ì báà ti sanwó ọkọ̀. Ẹnu tó sì ti ọ̀nà náà ni yóò ṣí i. Aríran mìíràn kì í fi ẹnu tirẹ̀ ṣí ohun tí ẹlòmíràn tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ti kó àwọn ènìyàn yọ.

Morákinyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀ fún wọn. Ó ní ìlara ni. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an, kò wá aṣọ bò ó. Òun ni ó kọ́kọ́ mọ gọ́ọ̀fù nínú wọn, nítorí bàbá òyìnbó kan tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún un ní àpò igi tí ó fi ń gbá a nígbà tí orúnkún bàbá náà kò gbà fún un mọ́. Òun ni ó kọ́ Láyí bí a ti ń di igi mú àti bí a ti ń dúró. Láyí kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó kéré sí i nínú ìjọ, ṣùgbọ́n kí a tó wí, kí a tó fọ̀, Láyí ti ń nà án ní gbogbo pápá tí wọ́n bá lọ. Jímọ̀ àti Godswill sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Láyí ní Ògá. Morákinyọ̀ ní ó ń dun òun bí ẹni pé wọ́n wọ ilé òun, wọ́n kó òun lẹ́rù. Ó ní àgbàlagbà bíi tòun, ẹni tí àwọn ènìyàn ń gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni òun ń tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun.

Nígbà tí wọ́n ń ṣètò láti lọ sí Pọtogí lọ́dún tó kọjá, Godswill ra ife ẹ̀yẹ kan fún ẹni tí yóò bá borí. Ó gbé e kalẹ̀, ó sì yíjú sí Morákinyọ̀. “Prophet,” ni ó wí, “this one no concern you o. Na you go carry bag for Láyí.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Morákinyọ̀ ní ẹ̀rín tòun ni ó pọ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà, àti pé inú ẹ̀rín yẹn ni òun ti gbèrò ibi.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, tí orin gbóná, tí àwọn aríran ń mì, òun náà mì. Ó ṣubú, ó dìde, ó sì nàka sí Láyí. Ó ní òun rí omi ńlá, òun rí aṣọ dúdú lórí omi náà. Ó ní Olúwa wí pé kí Láyí má ṣe ré òkun kọjá títí òun yóò fi ṣí ọ̀nà náà fún un.

“Títí n ó fi ṣí i,” ni Morákinyọ̀ tún wí nínú yàrá náà. “Mo kàn fi kún un kí ó lè dún dáadáa ni. Mi ò lérò pé ó máa ju ọ̀sẹ̀ kan yẹn lọ. Ojú mi là sílẹ̀ kedere, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bo ìbínú mi.”

Láyí kò jiyàn. Ó gbààwẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó ka Sáàmù tí wọ́n kà fún un. Ó fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìrìn àjò náà, ó sì tún fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé àwọn mẹ́ta yòókù lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó gbàdúrà fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Jímọ̀, tó jẹ́ mùsùlùmí tó sì máa ń fi ìran wọn ṣẹ̀fẹ̀, bi Morákinyọ̀ nínú ọkọ̀ pé kí ló dé tí omi náà kò fi kan àwọn yòókù. Morákinyọ̀ dá a lóhùn pé bí Ẹ̀mí ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Oòrùn Pọtogí mú dáadáa. Láyí kò sí níbẹ̀, igi sì gbọ́ràn sí Morákinyọ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ni ife náà ń bọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún láàárín pápá. Láyí ni. Ìyá rẹ̀ ti ṣubú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àbúrò rẹ̀ sì ní kí ó máa bọ̀ kíákíá bí ó bá fẹ́ bá a láàyè. Láyí ní òun ti rí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò lọ lọ́jọ́ kejì. Ó bi í pé ṣé òun lè lọ.

Morákinyọ̀ wá dé orí ohun tí ó ṣe níbẹ̀. Ó ní òun rí Jímọ̀ tó fi ara ti igi rẹ̀, òun sì gbọ́ Godswill tó ń pe òun pé ó kàn òun. Òun wá rò ó pé bí òun bá ní kí Láyí máa lọ, wọn yóò bèèrè bí ọ̀nà tó dí lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣe là lójijì, Jímọ̀ yóò sì fi òun rẹ́rìn-ín dé Barking. Ìyá ènìyàn ń kú lọ, iyì ara òun ni òun ń rò. Ó sọ fún Láyí pé òun yóò gbàdúrà sí i. Kò gbàdúrà kankan. Ó padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà sì lọ tààrà.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́, Láyí tún pè. Morákinyọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti dá a lóhùn. Ó ní ọ̀nà kò tíì là, kí ó ní sùúrù. Ó tún wá fi èyí tó burú jù lé e. Ó ní òun ti rí Màmá nínú ẹ̀mí, tó ń rìn, tó ń jẹun, pé yóò dìde.

Wọn kò tíì kúrò ní Pọtogí tí ìyá náà fi kú. Láyí tún bèèrè bóyá òun lè lọ sìnkú, Morákinyọ̀ sì tún ní rárá, nítorí kò mọ ojú tí òun yóò fi ṣí ọ̀nà fún òkú nígbà tí òun ti tì í mọ́ alààyè. Lórí fóònù, nínú yàrá yẹn kan náà, ni Láyí ti wo bí wọ́n ṣe da erùpẹ̀ bo ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, Morákinyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun kò ní ẹjọ́ kankan láti rò, kí Láyí ṣe òun bó ti fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́, kí ó dárí ji òun. Godswill pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì ń wo ilẹ̀, nítorí ó rántí ẹ̀fẹ̀ tó ṣe. Jímọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun ń fi ìran wọn ṣeré, òun kò mọ̀ pé òun gan-an ni ó bẹ̀rù Ọlọ́run ju ẹni tó ń ríran lọ. Ọmọ́ṣọlá fi gèlè bojú, ó ń sunkún. Ó ní ẹni tó gba òun lọ́wọ́ ikú ni kò jẹ́ kí ọkọ òun rí ìyá rẹ̀, òun kò sì mọ èyí tí òun yóò dì mú nínú méjèèjì.

Láyí ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ó sì sọ ọ́, kò pè é ní Wòlíì mọ́.

“Bọ̀dá, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí yín,” ni ó wí. “Mi ò jẹ́ ẹ since, torí pé inú ẹkún ni mo wà. Màmá bi mí on the phone pé ṣé mò ń bọ̀. Mo ní Wòlíì wa ní kí n dúró. Wọ́n ní, ‘Má ṣàìgbọràn o, ọmọ mi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wòlíì náà, pé ó ń bá mi tọ́jú rẹ.’ Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ náà kígbe bí ẹni tí wọ́n dá egungun rẹ̀. Kò sí ẹni tó fà á dìde. Láyí wọ yàrá lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Morákinyọ̀ dúró níwájú ìjọ ní Castle Green láìwọ sùtánà, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ látòkèdélẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ipò aríran lọ́wọ́ òun. Ó wá kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ti ń ríran. Ó ní bí wọn kò bá rí nǹkan kan, kí wọ́n sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan, ojú kì í ti ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí inú bá ń bí wọn sí ènìyàn, kí wọ́n má ṣe ríran fún un lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ Láyí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Láyí kò sí láàárín wọn. Ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Nàìjíríà, ó ń lọ sí ìdí ibojì ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ọ̀nà là.